Orúkọ Tó Wà Lára Ife

Ọdún kejì lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí kan ní Sábó, ọ̀kan lára àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri Èkó. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ kọfí àti bí wọ́n ṣe ń fi ooru ẹ̀rọ lu mílíìkì títí yóò fi máa hó bí ọṣẹ. Wọ́n ní ká máa kọ orúkọ oníbàárà sára ife, ká sì pè é sókè tí kọfí rẹ̀ bá ti ṣe tán.

Ìyẹn ò ṣòro fún mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi pe orúkọ nínú kíláàsì. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni mo ṣe: n kì í gba ìnagijẹ. Orúkọ pípé ni mo ń bèèrè.

"Mà, ẹ máa ń pè wọ́n bíi pé ẹ fẹ́ nà wọ́n ni," ọmọbìnrin tá a jọ ń dúró ní kanta sọ fún mi.

"Àwọn tí mo nà náà rèé, wọ́n ti ń rówó ra kọfí. Nu ẹnu ẹ̀rọ yẹn kó mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi wọlé. Mo bi í pé orúkọ wo ni kí n kọ. Ó sọ ọ́, ọwọ́ mi sì dúró. Orúkọ ọmọ kan tí mo kọ́ ní kíláàsì karùn-ún ní Súrùlérè ni, n kò sì gbọ́ irú rẹ̀ lára ẹlòmíì rí. Mo tún ojú obìnrin náà wò. Ìyá ọmọ yẹn ni. Ọmọ náà ti kú lọ́dún tó ṣáájú, lẹ́yìn tó ti dàgbà, tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ nígbà náà, àmọ́ n kò lọ kí wọn. Ọ̀la ni mo ń sọ pé n ó lọ, títí ojú fi wá ń tì mí.

Mo kọ ọ́. Mo pè é. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di ojú rẹ̀. Ìgbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta ló tó dìde.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," ó ní. "Mo ti dá yín mọ̀. Orúkọ ọmọ yẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pè mí, ìyá rẹ̀ ni mo ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni wọ́n ti yí i sí ti àbúrò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà ní ká má pè é nínú ilé mọ́. Mo kàn fẹ́ máa gbọ́ ọ ni."

Ó ń wá láràárọ̀. Mo ń pè é láràárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Nígbà tá a wà ní kékeré, ìyá mi máa ń kìlọ̀ pé ká má dáhùn tá ò bá rí ẹni tó pè wá. Kò sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó ń pe òkú máa ṣọ́ra fún. Tí mo bá pè é tán, màá wo ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń rí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan lọ́kàn mi tó nawọ́ sókè, tó ń dúró kí n sàmì pé ó wá sí iléèwé. Nígbà míì, mílíìkì á ti hó kọjá ife kí n tó rántí pa ẹ̀rọ.

Nígbà tó yá, máníjà ní ká má kọ orúkọ mọ́.

"Nọ́ńbà la ó máa pè báyìí, mà. Ìyẹn á yá ju orúkọ lọ."

Ìyá náà wá lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin orí kanta fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ó wo ìwé náà, ó wò mí. Ó lọ jókòó, ó sì di ojú rẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

N kò pe nọ́ńbà. Mo gbé ife náà jáde láti ẹ̀yìn kanta, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbà wá láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀, mo sì pè é ní màmá ọmọ náà, bí àdúgbò ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀n, mà," ó dáhùn.

Látọjọ́ tí mo ti ń pe orúkọ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì dá mi lóhùn, ohùn tó sì fi dáhùn kéré bíi ti ọmọ iléèwé.

Ó la ojú. "Ẹ tún pè mí," ó ní.

Oníbàárà mẹ́rin ti tò sí kanta, máníjà sì ń wò mí. Mo tún pè é.