Ẹ̀wà Etí Títì

Ó-Ti-Yé-Mi ni gbogbo ayé ń pe ọkọ mi, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ fún un tí kò ní yé e, kò sì sí èyí tó máa ṣe nínú rẹ̀. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Àgbàdo lẹ́yìn àgbàdo, ọdún dé ọdún, lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo tá a ní, títí ilẹ̀ fi gbó, tí ewé àgbàdo wá ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ọmọ wa obìnrin ti ní tí oko bá tún já wa kulẹ̀ lọ́dún yìí, ká kó wá sọ́dọ̀ òun nílùú, ká máa sùn ní pálọ̀. Èmi! Kí n di àlejò nílé àna mi?

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwa àgbẹ̀ wá bá wa ṣèpàdé. Ó ní ká máa gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, pé ẹ̀wà ń dá ọ̀rá ilẹ̀ padà. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ti yé e. Ó gba irúgbìn, ó tún bá obìnrin náà gbé báàgì dé ìdí ọ̀kadà.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Etí títì nìkan ló gbin ẹ̀wà sí, níbi tí obìnrin náà ti máa rí i tó bá ń kọjá. Àgbàdo lásán ló wà nínú oko lọ́hùn-ún. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn ọkùnrin tó ń dáko lójú ọ̀nà yẹn ṣe. Obìnrin náà gun ọ̀kadà kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí wọn.

Nígbà tó yá, àgbàdo etí títì dúdú minimini, ti inú oko rọ. Mo pè é kó wá fojú ara ẹ̀ rí i. Ó ní eruku mọ́tò ló ṣe é lóore. Eruku! Mo rọra gbé ọkọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ kó má di ẹjọ́.

Nígbà tí òjò kejì ọdún náà bẹ̀rẹ̀, mo bu ẹ̀wà sínú abọ́, mo gba àárín oko lọ. Ó tẹ̀ lé mi, ó dúró.

"Tí àgbàdo bá kùnà," ó ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "gbogbo àwa àgbẹ̀ la jọ kùnà, kò sẹ́ni tó máa fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Tí eléyìí bá kùnà, èmi nìkan ni."

Inú ń bí mi, àánú ẹ̀ tún ń ṣe mí.

"Ẹ̀yin nìkan?" mo ní. "Èmi tí mo dúró síbí yìí ńkọ́?"

Ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò níwájú mi.