Rọ́bà Ìyá Elvire

Ẹni tó bá ń wá Suzanne, ìyá Elvire, kó má wulẹ̀ lọ sílé. Kó lọ sẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ọkùnrin á dáná sí àpáta títí á fi là, àwọn obìnrin á wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà kan, ojoojúmọ́ ni kàmíọ̀nù ń wá kó òkúta. Ní báyìí, òkìtì á wà nílẹ̀ títí koríko á fi hù yí i ká. Sìmẹ́ńtì wọ́n, epo wọ́n, ta ló ń kọ́lé?

Suzanne kì í pa ìsìn jẹ. Ó gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Ohun tí kò dá a lójú mọ́ ni pé Ó ń wo ẹsẹ̀ òkè. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà náà ni ìjọ rẹ̀ ní kí Régis ayàwòrán ya Jésù pẹ̀lú àwọn tí iṣẹ́ ti dá lágara sára ògiri. Iṣẹ́ ti Régis náà ti dín, nítorí àwọn onídìrí tó ń ya pátákó fún ti ń lọ fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sórí ọ̀rá. Ó wá sẹ́sẹ̀ òkè pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

"Màmá, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Mo fẹ́ yà yín ni."

"Nínú àkísà yìí? Dúró di ọjọ́ Ìsinmi, màá wọṣọ."

Tàwàkálítù, tí wọ́n jọ máa ń jókòó fọ́ òkúta, bú sẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kó yà ọ́, jàre. Kí wọ́n lè mọ ojú ẹ tó o bá dé ọ̀run."

"Ìwọ ńkọ́? Mọ́sáláásí yín ò ní ògiri ni?"

"Àwa kì í ya èèyàn sí ògiri. Eruku ti ya tèmi tán."

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, nígbà ìpàdé àdúrà, wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán. Suzanne ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, bàsíà irinṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ lógiri: gèlè yíya, eruku lójú, òòlù lókè. Jésù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Suzanne. Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Alàgbà Hervé dìde. "Àlejò ń bọ̀ láti Kútọnu lọ́jọ́ ìkórè. Ṣé àkísà la máa fi pàdé wọn? Ẹ fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ lọ́la."

Régis dorí kodò. Pásítọ̀ wo Suzanne. "Ojú yín ni, Ìyá Elvire. Bí ẹ bá ní ká pa á rẹ́, a ó pa á rẹ́."

Suzanne lọ dúró níwájú ògiri. Ojú ń tì í gan-an. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́ ti dé ètè rẹ̀ kí ó tó rí ọwọ́ òsì tó wà nínú àwòrán.

"Régis, ṣé o fẹ́ gé mi níka ni?"

"Màmá?"

"Rọ́bà mi dà?"

"Rọ́bà táyà yẹn? Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo yọ ọ́ kó lè mọ́."

Suzanne mú òòlù àti rọ́bà jáde nínú bàsíà. Ó gbé òkúta tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó fi rọ́bà náà yí i ká bí òrùka, ó di ìrù rẹ̀ mú kí ìka rẹ̀ lè jìnnà. Ó là á. Òkúta fọ́, ẹyọ kan kò ta jáde.

"Nínú ilé Ọlọ́run!" ni Alàgbà Hervé wí.

"Ẹ má bínú, Alàgbà. Àmọ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní ẹni tó yà á ò rí wa rí. Ẹ má pa á rẹ́. Kó fi rọ́bà sí i."

"Àkísà náà ńkọ́?" ni Alàgbà bi í.

"Ṣé mo lówó aṣọ míì ni?"

Pásítọ̀ ní ọ̀rọ̀ tán, kí Régis fi rọ́bà sí i. Régis wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ fi rọ́bà náà sílẹ̀ fún mi, kí n lè máa wò ó yà."

"Kí n wá fi kí ni ṣiṣẹ́ lọ́la? O mọ ibi tí mo wà."

Kí ó tó jáde, ó tún wo Jésù tó ń wo ọwọ́ tí kò ní rọ́bà. Ó bi í nínú ara rẹ̀ bóyá Òun náà rí i pé kò sí. Ó gbé bàsíà rẹ̀ rù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, Régis ti jókòó sẹ́sẹ̀ òkè.

"Ó ti dé o!" ni Tàwàkálítù wí. "Sún síbí, èéfín ò dé bí."

Suzanne kò dá iṣẹ́ dúró. Ó kàn yí ìjókòó rẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ọwọ́ òsì rẹ̀.