Omi Gbígbóná Ọjọ́ Ìrìbọmi Mi

Ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí gbogbo ará Jos ń pè ní Áírìṣì, ni mo ń bó lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Anglo Jos nígbà tí ìròyìn náà dé. Ọyẹ́ ti mú ọwọ́ mi kú, ọ̀bẹ ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọbìnrin mi sì jókòó tì mí, ó ń fi èèpo ọ̀dùnkún tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọmọláńgidi rẹ̀. Obìnrin kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ló pè mí lórí fóònù. Kò tiẹ̀ kí mi dáadáa.

"Sísítà mi, ṣé o ti gbọ́? Ẹnì kan ti fi táńkà omi ta ìjọ lọ́rẹ. Wọ́n ti ń fọ odò ìrìbọmi lọ́wọ́. Pásítọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi yìí ni o!"

Mo ní, "Ọjọ́ Ìsinmi wo?"

Ó ní, "Haba! Ọjọ́ Ìsinmi mélòó ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pa fóònù rẹ̀.

Ó yẹ kí n yọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti parí ẹ̀kọ́ ìrìbọmi, omi la kàn ń retí. Ẹni tó bá gbé Jos nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé ẹ̀rọ omi kì í yọ, ọwọ́ àwọn mai ruwa tó ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri lórí ọmọlanke la ti ń rà á. Ta ni yóò wá fi irú omi bẹ́ẹ̀ kún ihò sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn pẹpẹ? Gbogbo wa ti gbà pé ó di ìgbà òjò. Àwọn tá a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ń kùn, àmọ́ inú tèmi ń dùn sí ọ̀dá omi yẹn, nítorí mo ti ṣètò tèmi sílẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ti di ẹni mímọ́. Ìrìbọmi á kàn wá fi òǹtẹ̀ lu ohun tí mo ti parí ni. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ tí fóònù yẹn dún.

Ẹnu mi ni ìṣòro mi. Mi ò jalè, mi ò mutí, ojú mi ò sì kúrò lára ọkọ mi. Ṣùgbọ́n tí inú bá bí mi, ohun tó ń jáde lẹ́nu mi máa ń ba èmi gan-an lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan, mo pariwo mọ́ ọmọ mi títí tó fi lọ kó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó tọ̀ sára. Ọmọ ọdún márùn-ún! Mo gbé e, mo ń sunkún, òun náà ń sunkún, mo sì ṣèlérí fún un pé: "Tí wọ́n bá ti rì mí bọmi, mi ò ní í pariwo mọ́ ẹ mọ́." Kò gbàgbé o. Láràárọ̀ ló ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n máa rì yín bọmi lónìí?" Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ó fò sókè, ó ní, "Yauwa!" ó sì da gbogbo èèpo náà sókè.

Ẹ̀rù wá bà mí. Mo ń rò ó pé tí mo bá jáde nínú omi yẹn tí mo sì tún pariwo, kí ni ọmọ yìí á rò nípa Ọlọ́run? Ṣé kò ní í sọ pé Ọlọ́run ò ní agbára kankan ni? Mo pinnu pé tí mi ò bá tíì yí padà títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó sàn kí n má wọ inú omi náà rárá.

Mo wá dojú kọ ìwà mímọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mi ò lọ sọ́jà, kí n má baà bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọjà. Mi ò dá sí ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò. Nígbà tí mai ruwa gbé kẹ́ẹ̀gì tí kò kún wá, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo fi èdè Hausa dúpẹ́ pé "Na gode," ẹnu sì ya ọmọkùnrin náà. Ọkọ mi da ọbẹ̀ sórí aṣọ tábìlì, mo tún rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ṣá?" Mo ní ara mi le. Irọ́ ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ń ṣọ́ ara mi bí ẹni ń ṣọ́ kúnù, ohun mímu ọkà àwọn Hausa, lórí iná kó má baà ru. Mi ò lè jẹun, mi ò lè jókòó síbì kan.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Mama ń gbé, opó kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àmọ́ tí wọ́n bí i sí Jos bíi tèmi. Ata gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ ló ń tà ní ọjà Terminus. Òun náà ni olórí àwọn tó ń se omi nínú ìjọ wa. Nígbà ọyẹ́, omi odò ìrìbọmi a máa tutù débi pé eyín á máa lu ara wọn lẹ́nu èèyàn. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ ìrìbọmi, àwọn ìyá ìjọ á se omi nílé, wọ́n á rù ú wá nínú ike oníderí, wọ́n á dà á sínú odò náà títí tó fi máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá Mama, mo sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. "Mama, ẹ má wulẹ̀ se omi nítorí tèmi. Tútù ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí ara mi jìyà díẹ̀."

Mama gbé ojú kúrò nídìí ata rẹ̀. "To, ó dáa. Ṣé àwa tá a wọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ò tíì di Kristẹni ni?"

"Rárá o, Mama. Èmi ni mo kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Jòhánù Onítẹ̀bọmi." Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo tún rín ẹ̀rín ẹni mímọ́ mi, mo wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé ni kúnù mi ru. Mo fọ ẹ̀wù funfun tí mo fẹ́ wọ̀ wọnú omi, mo fi búlúù sí i, mo sá a sórí okùn nínú ọgbà. Mo padà jáde, mo bá Mama tó jókòó sábẹ́ ògiri tó ń jọ ata, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń gbé eruku ata náà lọ tààrà sára ẹ̀wù mi. Ọrùn ẹ̀wù náà ti pọ́n. Mama ò rí i rárá, ẹ̀yìn ló kọ sí okùn. Ó yẹ kí n pè é. Kàkà bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti Ọjọ́bọ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan. Mo ní àgbàlagbà burúkú ni. Mo ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo wá sọ èyí tí mi ò lè gbà padà: "Ìwà yín yìí náà ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wá wò yín!"

Mama gbé ajọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ lára ìró, ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo yíjú, mi ò rí ọmọ mi. Ó ti lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tiwa.

Mo tún ẹ̀wù náà fọ̀ nítorí pé ọwọ́ mi ò lè dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò ṣe ìrìbọmi mọ́. Ó ní, "Kọ́kọ́ sùn ná." Bí ẹni pé oorun ń bọ̀ níbì kan.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gbóòórùn èéfín. Mo fà kọ́tìnì. Mama ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà, ó fi ìborùn wé orí àti etí, ó ń fẹ́ iná lábẹ́ ìkòkò ńlá. Mo jáde, mo dúró lójú kan.

"Mama, ẹ kú àárọ̀. Ta ni ẹ ń se omi fún?"

"Ta ló kù nínú ilé yìí tí wọ́n fẹ́ rì bọmi?"

"Lẹ́yìn ohun tí mo sọ sí yín lánàá?"

Ó fẹ́ iná náà títí tó fi jó kó tó dáhùn. "Ó dùn mí o. Àwọn ọmọ mi ò wá lóòótọ́. Ibi tó ń ro mí gan-an lo tẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ò mọ̀ pé a jà, ìyàwó. Ṣé kí n wá jẹ́ kó pa ọ́?"

Mo kúnlẹ̀ sínú eérú ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé mi ò lọ, pé mi ò tíì mọ́ tó. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ.

"Nígbà tó o bá fẹ́ wẹ ọmọ ẹ, ṣé o máa ń kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ kó o tó gbé e dé balùwẹ̀ ni?"

"Rárá, Mama."

"Kí wá ni gbogbo wàhálà yìí? Ọjọ́ tí wọ́n rì mí bọmi, mo rò pé mo ti di áńgẹ́lì. Mo jáde, mo bá obìnrin kan tó ń wọ bàtà mi lọ. Kai! Etí rẹ̀ ni mo fi fà á padà, pẹ̀lú omi lára mi." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá èéfín ni. "Láti ọjọ́ náà, oore-ọ̀fẹ́ nìkan ló ń gbé mi. Dìde, lọ múra. Tí omi yìí bá tutù, mi ò se òmíràn o."

Mo lọ. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí dé àyà mi. Pásítọ̀ bi mí bóyá mo gba Jésù ní Olúwa àti Olùgbàlà mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì bi mí bóyá mo ti mọ́. Ó rì mí, ó gbé mi dìde. Ìgbà náà ni ata tó ṣẹ́ kù nínú ọrùn ẹ̀wù mi jí. Ó ta mí lọ́rùn, ó ta mí lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mò ń jó lójú kan, gbogbo ìjọ sì pariwo pé "Halelúyà!" Nígbà tí Mama fi táwẹ̀lì wé mi, mo sọ sí i létí pé, "Ata yín ni o." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ilẹ̀kùn mú.

Síbẹ̀, kì í ṣe ata nìkan. Mo mọ ẹkún ata, mo sì mọ èkejì.

Ọmọ mi ti dàgbà díẹ̀ báyìí. Mo ṣì máa ń pariwo, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń ká mi lára nígbàkigbà. Mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run lórí ẹnu yìí. Ṣùgbọ́n mi ò ṣọ́ ara mi bíi kúnù orí iná mọ́. Ẹnì kan wà tó ń ṣọ́ mi. Tí mo bá sì ṣubú, mi ò lọ sá pa mọ́ mọ́, mo máa ń tètè padà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì ìrìbọmi náà gan-an, ni mo kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè padà. Ọmọ mi da ẹ̀kọ sára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, mo sì ké mọ́ ọn kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Kò sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé omi yẹn ò tíì wọ̀ yín lára ni?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Má bínú, mo ṣẹ̀ ẹ́. Omi náà wọ̀ mí lára. Ṣé o rí i tí Mama se omi fún mi nígbà tí mo ṣì burú sí i? Bí Jésù ṣe ń ṣe sí mi nìyẹn, lánàá, lónìí yìí náà, Òun ló sì máa kọ́ mi títí màá fi mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láì pariwo. Bọ́ aṣọ yẹn kí n fọ̀ ọ́. Tó o bá ti wọ òmíràn, sáré lọ bá Mama, sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ dáná. Omi ìwẹ̀ wọn ti wà lórí iná mi."