Iwin inú Apá Kejì

Ọmọ Ìlọrin kan ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television, a sì máa ń dán an wò ká tó rà á. Mo wá ra apá kejì fíìmù tí kò jẹ́ kí àbúrò mi obìnrin wọ ilé ìdáná mọ́. Ara fu mí, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn mí. Mo ní kó yí i dé àárín.

"Wallahi, ojúlówó ni. Àbí ọ̀gá fẹ́ wò ó tán lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

Ó yí i ṣá. Iwin tó jẹ́ pé ipasẹ̀ tútù rẹ̀ nìkan la rí nílẹ̀ ilé ìdáná ní apá kìíní ti jókòó sórí àga, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún pásítọ̀. Apá kejì tó bá máa dẹ́rù bani kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rà á kíá fún àbúrò mi. Àbúrò mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ilé ìdáná lọ gbé omi kaná.