Ọjọ́ Mẹ́ta Péré

Ojú Ìyá Àgbà Roeun ló fọ́, ọpọlọ rẹ̀ ò fọ́. Ní abúlé Trapeang Chhuk, tí o bá fún un ní mángòrò, á kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀, á wá bi ọ́ léèrè ohun tí ò ń wá gan-an. Láti kékeré ló ti ń fi omi ọ̀pẹ se ṣúgà, àwọ̀ ṣúgà náà ló fi ń mọ̀ pé ó jinná. Nígbà tí awọ funfun bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, jíjó ni ṣúgà ń jó. Lọ́jọ́ kan ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò gbígbóná. Láti ọjọ́ náà ni Sokny, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì, tó jókòó tì í.

Ìgbà yẹn ni Kanitha, nọ́ọ̀sì kan, mú ọkọ̀ wọ abúlé.

"Iṣẹ́ abẹ ojú ni, Ìyá Àgbà, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ máa lò nílùú. Ẹ má wulẹ̀ kó ẹrù."

Ara ìyá náà le gbagidi. "Tún un sọ."

Nọ́ọ̀sì náà ò mọ nǹkan kan, ó tún un sọ.

Yéè! Ọ̀rọ̀ yìí gan-an làwọn ọmọ ogun aláṣọ dúdú tó gba ìjọba láyé ọjọ́un sọ nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ wá gbé Phorn ọkọ rẹ̀ nígbà èwe wọn: ọjọ́ mẹ́ta péré, má kó ẹrù. Phorn ò mú aṣọ ìborí dání pàápàá. Títí dòní, wọn ò rí egungun rẹ̀.

"Ta ló ń sanwó iṣẹ́ abẹ yìí?"

"Àwọn olóore kan ni, Ìyá Àgbà."

"Olóore tí ò mọ̀ mí rí! Ẹ fẹ́ yọ ojú mi tà ni."

"Màmá," ni Sokny wí, "ojú tí ò ríran, ta ló fẹ́ rà á?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ṣé wọn kì í ra bàtà àlòkù ni?"

Kanitha ní ọdún tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ tó máa padà wá, ojú náà sì lè ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Sokny bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ló wọ ìyá àgbà lára.

"Mà á lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ nọ́ọ̀sì, ilé mi lo máa jókòó sí títí mà á fi dé."

Kanitha rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ìyá ò ṣàwàdà, ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

Ìyá àgbà wá kó ìkòkò, ẹní, ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, ó bá àwọn ará abúlé mìíràn tí ojú ń yọ lẹ́nu wọ ọkọ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ̀ ń kó kúrò nílé ni?" ni awakọ̀ bi í.

"Wa ọkọ̀ ẹ."

Nígbà tí ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó di ọmọrí ìkòkò mú, orí awakọ̀ ló fẹ́ fi fọ́. Epo bẹntiróòlù ni wọ́n kàn lọ rà. Ní ọsibítù, kò fẹnu kan oúnjẹ wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ dókítà mú.

"Ṣé o ní ìyá?"

"Mo ní, mà."

"Tí o bá yọ ojú mi tà, ìrántí ẹ nìkan ló máa kù fún un. Ó yá, ṣe é."

Ojú kan ni wọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò wo dókítà, kò wo ògiri. Àwọn tí wọ́n jọ wá ló ń wò kiri, bóyá wọ́n pé. Wọ́n pé. Síbẹ̀ kò gbà gbọ́ pé wọ́n máa dá wọn padà sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ wọ Trapeang Chhuk. Kanitha sáré jáde lábẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ mẹ́ta, a ti dá yín padà!"

Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn. Ó ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn ará ilé wọn ń dì mọ́ wọn. Ló bá jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, ó figbe ta.

"Ó ṣeé ṣe! Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé èèyàn lọ kí wọ́n sì dá a padà! Wọn ò kàn fẹ́ dá Phorn mi padà ni!"

Kanitha kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún. Omi ò gbọdọ̀ kan ojú yẹn."

"Ojú kejì ńkọ́?" ni ìyá náà wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo èyí tí wọ́n tún ṣe, ó sì ń fi èyí tó fọ́ sunkún ọkọ rẹ̀.