Òkè Tí Kò Parí Lára Ògiri Wa

Ìró àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ló jí mi. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ sàló tí a ti ń gba àlejò, àga onígi tó wúwo tí wọ́n bá sì wọ́ lórí rẹ̀ máa ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró kejì: bàbá mi, tó ń sáré lọ wẹ̀ kó lè tètè dé bùró níbi iṣẹ́, ti fi ojúgun gbá tábìlì tí kò sí níbẹ̀ lánàá.

“Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ fi tábìlì yìí sílẹ̀ síbi tó wà!”

“Ibi tó wà kò dára,” ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. “Ẹni bá wọlé, ẹ̀yìn àga ló máa kọ́kọ́ rí. Ṣé bí a ṣe ń kí àlejò nìyẹn?”

Ọ̀dọ̀ wa ní Akpakpa, ní Kútọnú, ni ìyá àgbà ń gbé, pẹ̀lú bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti àbúrò bàbá mi obìnrin tí mò ń pè ní Tàǹtí. Olùkọ́ ni Tàǹtí, kò tíì lọ sílé ọkọ. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kò sú. Tó bá ti lọ sílé ẹnìkan, tó rí bí wọ́n ṣe tò ó, a mọ̀ pé ilé tiwa ti wọ gàù.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni kó máa wọ ilé onílé. Rìdó tí wọ́n ń ta sójú fèrèsé àti aṣọ tìmùtìmù ló ń rán. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé ìwé, ó máa ń mú mi dání kí n lè bá a di ẹnu téèpù mú nígbà tó bá ń wọn fèrèsé. Mi ò fẹ́ràn àtilọ, torí ìtìjú ni. Ìyá àgbà kì í wọn fèrèsé kó sì máa lọ. Á fọwọ́ pa àga onílé, á tẹ ilẹ̀ wò, á yọjú sí yàrá tí wọn kò pè é sí.

Ilé kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ilé àwọn kan tí àwọn baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì padà dé. Òórùn kọfí àti ìda tí wọ́n fi ń dán igi kún inú rẹ̀. Fèrèsé onígi ga dé òkè àjà, oòrùn ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sùn sórí ilẹ̀ alámọ̀ pupa. Wọ́n gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri sàló: odò kan, igi létí odò, àti àwọn òkè lọ́nà jíjìn. Ìyá àgbà rí i, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá. Ó fa àga onílé, ó gùn ún, kó lè wò ó dáadáa.

“Màdáámù,” ni obìnrin onílé wí, “fèrèsé ni mo ní kí ẹ wá wò.”

“Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀,” ni ìyá àgbà fèsì, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó pè mí. “Ọmọ mi, wá wò ó. Òkè tó jìnnà, àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi kùn ún, kì í ṣe àwọ̀ ewé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣì í.”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ó ti fi ẹfun ìránṣọ ya òkè sára ògiri, ó nù ún, ó tún un yà. Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní ìlú olókè, ṣùgbọ́n ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Kútọnú, kò sì padà lọ mọ́. Kútọnú yìí tẹ́ bí àwo. Iyanrìn ni, omi ni. Bí o bá fi ojú wá òkè títí, wàá kàn rí òrùlé ni.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀, kò dá. Ọ̀sà kún títí ó fi wọ àdúgbò wa, ó wọ sàló wa pẹ̀lú. Nígbà tí omi fà, ó fi ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀ lára ògiri láti igun dé igun, ó ga tó àyà mi. Òórùn ẹrẹ̀ kò kúrò nínú ilé. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ìdílé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Tàǹtí ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ní Sátidé. Bàbá mi sáré ra ọ̀dà funfun.

Ìyá àgbà dúró níwájú ògiri, ó ń fi ìka tọ ìlà omi náà. “Ẹ má kùn ún o. Ilẹ̀ nìyí. Omi ti ya ilẹ̀ fún mi, òkè ló kù.”

“Òkè wo, Màmá?”

“Òkè Ṣábẹ̀.”

“Màmá, àwọn àna ń bọ̀!”

“Kí wọ́n wá bá òkè nílé. Ṣé ìyẹn burú?”

Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó gbé ọ̀dà rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ̀ ni, kí ló fẹ́ ṣe?

Ìyá àgbà gba ọjà Tọkpá lọ, ó sì padà dé lórí ọ̀kadà zẹ́míjàn tòun ti agolo ọ̀dà láàárín orúnkún. Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń jẹun. Òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì wọ inú ìrẹsì, ó wọ aṣọ ilé ìwé mi, títí kan omi mímu. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Jímọ̀, òkè ti dìde lókè ìlà omi, aláwọ̀ ewé níwájú, aláwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn. Tàǹtí tó ti ń bínú látàárọ̀ wò ó, ó ní, “Ó tilẹ̀ dára.” Gbogbo wa sùn ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, a bá ìyá àgbà níwájú ògiri pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná. Ó ti ha gbogbo òkè náà kúrò. Ohun tó kù dà bí ẹ̀bá tí wọ́n fi lu ògiri.

“Màmá, kí lẹ ṣe?” ni Tàǹtí ké.

“Ó rí bí òkìtì gàrí. Òkè Ṣábẹ̀ kì í ṣe gàrí.”

Tàǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá mi ló gbọ́n. Ó mú aṣọ ńlá kan jáde, òun àti bàbá mi fi ìṣó kàn án bo ògiri. Bí àwọn àna ṣe ń kan ilẹ̀kùn nìyẹn.

Wọ́n jókòó, wọ́n kí wa, a kí wọn. Ìyá ọkọ, obìnrin sísanra kan láti Àjàṣẹ́, kò gbójú kúrò lára aṣọ náà. Ọ̀dà tútù ti ń là á já, ó ń yọ ní àbàwọ́n àbàwọ́n.

“Ẹ dákun, ẹ̀yin ará ilé,” ló wí níkẹyìn, “kí lẹ fi pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ yìí? Ẹni tó fẹ́ fọmọ fúnni kì í fi nǹkan pa mọ́.”

“Kò sí nǹkan kan, Màmá,” ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀, “omi ló ba ògiri jẹ́ díẹ̀...”

“Irọ́ ni,” ni ìyá àgbà wí. Ó dìde, ó sì fa aṣọ náà já. “Òkè ni. Kò tíì parí.”

Ìyá ọkọ wo ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé náà lókè nílẹ̀. “Òkè ọ̀hún dà?”

“Mo ha á kúrò láàárọ̀ yìí. Kò jọ ọ́.”

Kàkà kí ìyá àgbà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí kùrukùru ṣe máa ń jókòó ní ìbàdí òkè nílùú rẹ̀ ní kùtùkùtù, àti bí ẹyẹ ṣe máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó ń fọwọ́ yà á sínú afẹ́fẹ́. Bàbá mi ń wo bàtà rẹ̀. Níkẹyìn, bàbá ọkọ wúkọ́.

“Màmá wa, ẹ má bínú. Ìyàwó la wá tọrọ, a ò wá tọrọ òkè.”

Ẹ̀rín bú jáde. Ọkọ ìyàwó pàápàá rẹ́rìn-ín. Tàǹtí sá wọ ilé ìdáná.

A fi Tàǹtí fún wọn o, ìgbéyàwó sì wáyé. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ọkọ láti ọjọ́ náà ni Ìyàwó Olókè. Kò dùn mọ́ ọn rárá. Nígbàkigbà tó bá wá kí wa, á fajú ro.

“Ẹ sọ mí lórúkọ tí mi ò jẹ́, Màmá.”

“Orúkọ tó dára ni,” ni ìyá rẹ̀ á dáhùn, á sì máa po ọ̀dà lọ. Torí kò jáwọ́. Ó ya òkè náà, ó ha á, ó tún un yà, títí mo fi dàgbà.

Nígbà tó kú, tí a sin ín tán, bàbá mi gbé ọ̀dà funfun jáde, ó kun ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Ó ti fara dà á tó. Ògiri funfun báláú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. “Sàló yìí ti há. Ṣé ẹ̀yin ò rí i pé ó ti há ni?” Ìyá mi gbé àga kan jáde. Bàbá mi ní ó ṣì há.

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ síbi ìgbéyàwó ní Ṣábẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Bí a ṣe yọ sí ìlú, mo rí àwọn òkè náà. Òkúta ni wọ́n, wọ́n pá, wọ́n dúdú bí awọ erin. Ìyá àgbà ti fi igbó bò wọ́n fún wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Inú bí mi débi pé mo sọ̀rọ̀ sókè nínú ọkọ̀: “Màmá, kò jọ ọ́ rárá!” Awakọ̀ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni mo tó rò ó re. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò sọ rí pé ó jọ ọ́. Àwa la ń sọ pé ó dára, pé kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré ni nígbà tó rí òkè náà gbẹ̀yìn, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń wá kò tíì sí lára ògiri.

Èmi náà ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn ènìyàn báyìí. Tí mo bá parí, tí onílé sì ní, “Màdáámù, ó ti dára, ẹ lọ sinmi,” màá gbé báàgì mi, màá dé ẹnu ọ̀nà, màá bojú wẹ̀yìn. Màá sì rí i pé kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn. Ni màá bá padà wọlé. Ó máa ń sú àwọn onílé. Ó máa ń sú èmi fúnra mi jù wọ́n lọ.