Aró Tó Sùn Lábẹ́ Máńgòrò

Òórùn aró ni mo fi ń rántí agbo ilé wa ní Bùàké, lẹ́yìn odi. Kì í ṣe òórùn dídùn. Ó dà bí ewé tó ti rà sínú omi eérú. Síbẹ̀ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í yínmú sí i, torí òun ló ń sọ fúnni pé aró ti jí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba lórí ilẹ̀ náà, òórùn yẹn ni gbogbo ilé ń retí, tí imú wa kò sì gbọ́ ọ.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló gbé aró dé ilé wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, láti ìdílé aláró, èmi sì ni ìyáálé rẹ̀. Bàbá ọkọ wa, olórí ilé, kò lè pa ayọ̀ náà mọ́ra. Ó ti sọ fún gbogbo Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń kírun pé aṣọ Iléyá ọdún yẹn, ilé òun ni wọn yóò ti pa á láró. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti jáde lẹ́nu àgbà, kò ṣeé gbé mì mọ́.

Ìyàwó gbé ìkòkò ńlá rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, nínú òjìji. Ó ní abẹ́ igi ni ìyá òun ń gbé tiwọn sí nílé. Ó sẹ́ omi eérú sínú rẹ̀, ó kó elú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, sí i. Ṣùgbọ́n odidi ìṣù elú ló kó sí i, kò gún un, torí pé ilé tó fara ti tiwa ń ṣọ̀fọ̀ lákòókò náà, Bàbá sì ti kìlọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró odó lágbo ilé. A dé ìkòkò, a ń retí. Àfi bí oyé ṣe dé. Oyé Bùàké kì í ṣeré, ọ̀rẹ́ mi. Láàárọ̀, omi inú àmù a máa ta èèyàn lọ́wọ́, ètè á là, eruku á sì bo ewé máńgòrò títí yóò fi dà bí ìgbà tí wọ́n fi eérú kùn ún. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń kà fún aró nílé pé, ó sì kọjá. Omi inú ìkòkò rí bí omi ìfọwọ́. Kò rùn, kò hó.

Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn kan ní ẹnì kan ti jà nídìí ìkòkò, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ìyàwó ni kò dára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá pe gbogbo wa jọ, ó ní, “Ọkọ̀ tó ń gba Kùmásí lọ sílé yóò kọjá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí aró yìí kò bá jí, kí ìyàwó bá a lọ. Kó lọ kọ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ parí.” Ọkọ rẹ̀ dorí kodò. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wa pé obìnrin tí wọ́n bá dá padà báyẹn, agbára káká ló fi ń padà wá.

Mo bá ìyàwó nídìí ìkòkò lọ́jọ́ kejì. Kò sunkún.

“Ìyáálé mi, aró yìí ò kú o.”

“Kí ló wá ṣe é?”

“Òtútù ló ń mú un.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ṣé ká lọ gbé aṣọ ìbora fún un ni?”

“Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n, ìyáálé mi.”

Kò fi ṣeré. Ó bu aró náà díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò kéékèèké mẹ́ta. Ó gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀, ó sì wa eérú gbígbóná yí i ká. Ó gbé èkejì tì í, ọ̀fọ̀ ilé kejì sì ti kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà ó gún elú ti ìyẹn kúnná bí ìyẹ̀fun, ó sì sẹ́ omi eérú rẹ̀ títí ó fi ń já ahọ́n. Ó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ nínú òtútù lábẹ́ igi, ó wá ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan láti ẹ̀yà Júlà tó ń pa aṣọ láró lẹ́yìn ọjà ńlá, láti tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí aró rẹ̀ tí a ó dà sínú ẹ̀kẹta náà. Nílé, aláró kì í tọrọ ìyẹn lọ́wọ́ aláró. Ojú ń tì wá bí a ṣe ń lọ.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀yin Ànàgó tẹ́ ẹ̀ ń ta gbogbo nǹkan fún wa! Ìdọ̀tí ìdí ìkòkò lẹ wá ń tọrọ lónìí?” Ṣùgbọ́n ó bu igbá kan fún wa. “Ẹ gbà. Ti àgbà ni. Yóò kọ́ ọmọdé inú tiyín níṣẹ́.”

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Kùmásí dé, a ti di ẹrù ìyàwó. Ìkòkò elú gígún ti ń rùn láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ìfófòó aláwọ̀ búlúù wà lójú rẹ̀, ó ń dán bíi bàbà. Èyí tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù tó wà. Èyí tó wà nínú oòrùn pẹ̀lú ìṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àwọ̀ padà ni. Ìkòkò ńlá ṣì wà bó ṣe wà. Bàbá dé, ọwọ́ lẹ́yìn. Ọkọ̀ ń fun fèrè lójú títì. Ìyàwó ki aṣọ funfun bọ inú ìkòkò elú gígún, ó dúró díẹ̀, ó fà á yọ. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà ní, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀fọ́.

Bàbá ò dé ìdí aró rí. Ó ní, “Aró ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ wá ń se ẹ̀fọ́ fún mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ.”

Lójú gbogbo wa, àwọ̀ ewé náà ń ṣókùnkùn láti etí aṣọ wọnú, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Bàbá fọwọ́ kàn án, ìka rẹ̀ dúdú. Ó wo ìka náà fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí onímọ́tò: “Ṣé ọkọ̀ rẹ ò tíì kún ni? Kí lò ń dúró dè?”

Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ṣe dúró, a sì pa aṣọ Iléyá láró. Bàbá ti ní ká da ìkòkò ńlá nù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí. Nígbà tí oyé lọ, tí ooru dé, a jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn ń fẹ́ wá láti abẹ́ máńgòrò. Ó ti jí fúnra rẹ̀, tòun ti odidi ìṣù elú inú rẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá jáde, ó gbóòórùn, ó padà wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, ó fi agbádá funfun rẹ̀ ránṣẹ́ pé inú ìkòkò ńlá yẹn gan-an ni kí wọ́n ti pa á láró.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ìyàwó tí wọ́n kó wá látilé. Bí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá, àwọn èèyàn wọn á wá bá mi: kì í rẹ́rìn-ín, kò gbọ́ èdè Júlà, kò mọ ọjà, kò ní dáa. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n gbé e sí, nínú oòrùn ni àbí lábẹ́ máńgòrò, àti ta ni àgbà tó wà nínú ìkòkò pẹ̀lú rẹ̀.